Ìlà Kẹfà Kúbùsù

Iṣẹ́ tó bá pẹ́ nílẹ̀ jù, ṣe ni yóò máa wo ẹni tó ni ín bí ẹni pé òun ni ẹ̀gbọ́n. Ọdún mọ́kàndínlógún ni kúbùsù yìí ti wà nínú páálí lórí kọ́bọ́ọ̀dù Màmá. Wọ́n ti kó o kúrò nílé kan lọ sí òmíràn lẹ́ẹ̀mejì, òjò ti jò sí i, eku ti bímọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ rí, kò sì sẹ́ni tó fi abẹ́rẹ́ kàn án títí di àárọ̀ ọjọ́ Ajé tí Kékeré wọlé tó ní ìwé òun ti dé.

Kékeré ni àbíkẹ́yìn ilé náà. Ìgbà tó wà ní ìkókó ni wọ́n sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Nígbà tó sì wá ga débi pé ó ní láti tẹ orí ba kó tó gba ẹnu ọ̀nà wọlé, kò sẹ́ni tó rántí láti pààrọ̀ orúkọ. Wẹ́dà ni, ó ń jó irin pọ̀. Àwọn tó ń tún ọkọ̀ ojú omi ṣe lókè òkun ló gbà á síṣẹ́, ọdún mẹ́ta gbáko.

"Ìgbà wo lo ń lọ?" Màmá béèrè.

"Ọjọ́ Ẹtì, Màmá. Aago mọ́kànlá àárọ̀ ni ọkọ̀ máa gbéra."

"Ọjọ́ Ẹtì wo?"

"Èyí tó ń bọ̀ yìí."

Ojú Màmá kò ríran mọ́ ju kí wọ́n mọ ibi tí fèrèsé wà yàtọ̀ sí ibi tí ògiri wà, síbẹ̀ wọ́n yí ojú náà sókè sí kọ́bọ́ọ̀dù bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí pé òun gbé nǹkan kaná.

"Àkọ́bí," wọ́n ní, "bá mi gbé páálí yẹn sọ̀ kalẹ̀."

Kékeré rẹ́rìn-ín. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi kúbùsù yẹn sílẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti ní eyín wàrà lẹ ti ń sọ pé ó kù díẹ̀. Wọ́n ń ta kúbùsù níbi tí mò ń lọ."

"Wọ́n ń ta ìyá náà níbẹ̀?"

Kékeré wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin bóyá yóò gba òun sílẹ̀, ṣùgbọ́n Àkọ́bí ti gun àga, ó ti na ọwọ́ sókè. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé ni. Ilé ìfọṣọ ilé ìwòsàn ló ti ń ṣiṣẹ́ láti àṣálẹ́ títí ilẹ̀ fi ń mọ́, òun àti obìnrin kan tí wọ́n jọ máa ń di etí aṣọ bẹ́ẹ̀dì mú, tí wọ́n á fà á, tí wọ́n á ká a, tí wọ́n á tún mú òmíràn, gbígbóná janjan láti inú ẹ̀rọ. Ẹ̀yìn rẹ̀ ń ro ó. Bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe kan páálí náà ló ti mọ ẹni tí iṣẹ́ yìí máa já lé lórí. Ojú Màmá ti lọ. Èyí àárín wọn wà nílùú tó jìnnà. Ẹni tí iṣẹ́ bá bá lórí àga ló ni iṣẹ́.

Aránṣọ ni Màmá títí ojú fi kọ̀ wọ́n. Ẹ̀rọ wà fún oníbàárà, ọwọ́ wà fún ọmọ. Òfin wọn nìyẹn. Wọ́n ti pinnu pé ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú àwọn ọmọ mẹ́ta tí wọ́n bí á ní kúbùsù tí wọ́n fi ọwọ́ rán, tí wọ́n fi ìrépé ẹ̀wù gbogbo ará ilé ṣe: ìlà mẹ́sàn-án, ìrépé mẹ́sàn-án nínú ìlà kan. Nínú ìlà kọ̀ọ̀kan, ìrépé kan gbọ́dọ̀ jẹ́ kákí, láti ara yúnífọ́ọ̀mù Bàbá, tó jẹ́ awakọ̀ akẹ́rù. Kákí ti ìlà kìíní á wà ní igun òkè, ti ìkejì á sún wọlé níwọ̀n ìrépé kan, ti ìkẹta á tún sún, títí ìkẹsàn-án á fi bọ́ sí igun ìsàlẹ̀ lápá kejì. Bí o bá tẹ́ ẹ sórí bẹ́ẹ̀dì, ọ̀nà lo máa rí, tó gba orí aṣọ kọjá láti igun dé igun.

Àkọ́bí ti ní tirẹ̀. Èyí àárín náà ti ní tirẹ̀, ó sì gbé e lọ sí ìlú tó ń gbé, níbi tó ti máa ń pe ilé lórí fóònù nígbà tí ọkàn rẹ̀ bá ṣèèṣì wá síbẹ̀. Ti Kékeré ni wọ́n rán dé ìlà karùn-ún lọ́dún tó pé ọmọ ọdún mẹ́jọ, lọ́dún tí ọkọ̀ Bàbá dojú dé tí Bàbá ò sì wálé mọ́. Màmá ti gé gbogbo ìrépé tó kù tán nígbà náà. Wọ́n ti kọ nọ́ńbà sẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n ti fi òwú di ìlà kọ̀ọ̀kan ní ìdì tirẹ̀. Wọ́n mú kákí ti ìlà kẹfà dání, wọ́n wò ó títí, wọ́n dá a padà. Wọ́n ní ó di ọ̀la. Ọ̀la ọ̀hún ló wá di ọjọ́ Ajé yìí.

Kékeré ti máa ń fi ọ̀rọ̀ náà ṣẹ̀fẹ̀ tipẹ́. Ṣùgbọ́n Àkọ́bí rántí ọ̀sán kan, nígbà tí ọmọ náà pé ọdún mẹ́wàá, tó bá a lórí bẹ́ẹ̀dì òun, tó dojú bolẹ̀, tó ń fi ìka tẹ̀lé kákí kúbùsù òun láti òkè dé ìsàlẹ̀. "Ti bọ̀ọ̀dá ní ọ̀nà," ó wí. "Tiyín ní ọ̀nà. Èmi, ibo ni mo máa gbà?" Àkọ́bí ní kó lọ fọ ẹsẹ̀ rẹ̀.

Nítorí náà kò bá Màmá jiyàn. Ó jókòó ti fèrèsé, ó tú ìdì àkọ́kọ́, ó fi òwú sí abẹ́rẹ́.

Màmá kò ṣeé bá ránṣọ, ojú ì báà máa ríran, ì báà má ríran. Nígbà tí wọ́n ní ṣọ́ọ̀bù, àwọn ọmọ iṣẹ́ ń pè wọ́n ní Ìyá Tú-u lẹ́yìn. Ojú ìrán ì báà wọ́ níwọ̀n irun orí, wọ́n á fi ìka lé e, wọ́n á ní "Tú u," láìbínú, láìpariwo, bí ẹni ń kí ènìyàn káàárọ̀. Ìyàwó kan ti jókòó sí ṣọ́ọ̀bù wọn rí pẹ̀lú àtíkè lójú, tí ọkọ ń dúró níta, tí Màmá ń tú apá ẹ̀wù rẹ̀. Kò sí aṣọ tó wọ́ tó jáde nílé wọn. Ọlọ́wọ́ òsì tún ni wọ́n. Tíṣà ti fi pàṣán kọ́ wọn láti máa fi ọ̀tún kọ̀wé, ṣùgbọ́n tíṣà kò bá wọn dé ìdí àlùmọ́gàjí. Òsì ni àlùmọ́gàjí wọn mọ̀. Ẹni tó bá fi ọ̀tún mú un, á kàn máa jẹ aṣọ lẹ́nu ni.

"O ń fa òwú jù," wọ́n wí láti orí àga wọn.

"Ẹ ò rí mi, Màmá."

"Mò ń gbọ́ ọ. Òwú tí wọ́n bá fà jù máa ń ké."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe jókòó lọ́jọ́ Ajé àti lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Àkọ́bí á ti ibi iṣẹ́ dé, á bọ́ bàtà, á jókòó ti fèrèsé títí di ọ̀sán, á wá sùn díẹ̀, á tún jí lọ síbi iṣẹ́. Ìlà márùn-ún ti àtijọ́ wà lẹ́sẹ̀ Màmá, wọ́n ń fi àtẹ́lẹwọ́ pa á bí ẹni ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Àkọ́bí ń to tirẹ̀ bí nọ́ńbà ṣe wà lẹ́yìn wọn, ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta, láti òsì lọ sí ọ̀tún, bí wọ́n ṣe ń kàwé. Ó parí ìlà kan, ó rán òmíràn mọ́ ọn. Nígbà míì, oorun á gbé e lọ láàárín ojú ìrán méjì, abẹ́rẹ́ á sì jí i. Nígbà tó di òwúrọ̀ Ọjọ́rú, ìlà kẹfà dé ìkẹsàn-án ti di odidi kan.

Ó gba ti Màmá lẹ́sẹ̀ wọn, ó tẹ́ ẹ sílẹ̀ yàrá, ó sì tẹ́ tirẹ̀ sísàlẹ̀ rẹ̀. Ó dìde dúró láti wò ó. Ó tún bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Ọ̀nà kákí náà ti igun òkè lápá ọ̀tún sọ̀ kalẹ̀ dáadáa, ó dé àárín gbùngbùn ní ìlà karùn-ún. Níbẹ̀, dípò kó máa lọ sí òsì, ó ṣẹ́rí padà. Ó gba ọ̀tún lọ láti ìlà kẹfà, ó sì bọ́ sí igun ìsàlẹ̀ lápá ibi tó ti wá gan-an.

Àkọ́bí kọ́kọ́ rò pé oorun ló ń ṣe òun. Ó mú ìlà mẹ́rin tirẹ̀, ó yí i po kí ìsàlẹ̀ di òkè. Èyí tún burú jù: ọ̀nà já láàárín, ó fò bọ́ sí etí òsì bí ọ̀nà tí odò gé. Ó dá a padà. Ó jókòó sílẹ̀, ó ń wo nọ́ńbà, ó ń wo kákí, títí ó fi gbójú sókè wo Màmá lórí àga, tí wọ́n gbé kọ́ọ̀pù omi lọ́wọ́ òsì.

Ọwọ́ tí wọ́n fi ń ránṣọ ni wọ́n fi ka ìrépé. Nọ́ńbà ọ̀kan ti Màmá, apá ọ̀tún ló wà, wọ́n á sì máa kà bọ̀ sí òsì. Ogójì ọdún ó lé ni Àkọ́bí ti fi jẹ́ ọmọ obìnrin yìí, ó sì gbàgbé.

Títún un ṣe kò ṣòro láti rò. Bí ó bá tú ojú ìrán gígùn mẹ́ta tó so ìlà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀, tó yí ìlà kọ̀ọ̀kan po lọ́tọ̀ kí orí rẹ̀ di ìdí, tó tún rán wọn padà, ọ̀nà á tọ́. Odidi ọjọ́ kan nìyẹn. Ọjọ́ méjì ló sì kù, òwú tó máa wọ inú rẹ̀ ò tíì wọ̀ ọ́, ìtẹ́lẹ̀ ò tíì sí lẹ́yìn, etí rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣì wà ní ṣíṣí.

"Kí ló dé tí abẹ́rẹ́ dákẹ́?" Màmá béèrè.

Abẹ́ tí wọ́n fi ń tú aṣọ wà lórí fèrèsé. Àkọ́bí wò ó. Ó wo ojú Màmá, tó kọjú sí ìmọ́lẹ̀ tí kò sì rí nǹkan kan.

"Mò ń fi òwú sí i ni," ó wí.

Ó so ìlà kẹfà mọ́ ìkarùn-ún bó ṣe wà.

Lọ́jọ́ náà àti ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, kò jẹ́ kí Màmá fọwọ́ kan iṣẹ́ náà. Bí wọ́n bá ní kó gbé e wá, á ní abẹ́rẹ́ ṣì pọ̀ lára rẹ̀. Kékeré wọlé, ó jáde, ó ń di ẹrù. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà lẹ́ẹ̀kan, ó tẹ orí ba, ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó bò mọ́ aṣọ.

"Àǹtí mi, ẹ wo ojú yín bó ṣe wọlé sínú. Ṣé kúbùsù ni àbí ilé lẹ̀ ń kọ́?"

"Gbé ẹsẹ̀ rẹ kúrò lórí òwú."

"Tí ò bá parí, ẹ fi ìdajì fún mi. Màá máa bo ẹsẹ̀ nìkan."

"Kékeré, mo ní gbé ẹsẹ̀ rẹ."

Ó gbé ẹsẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n kí ó tó lọ, ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ìka kan ṣoṣo kan kákí tó wà ní etí, bí ẹni fẹ́ mọ̀ bóyá ọ̀dà ti gbẹ. Àkọ́bí rí i.

Ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, etí mẹ́ta ti ká tán, ó ku ìkẹrin. Obìnrin tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ti gbà láti bá a ṣe iṣẹ́ rẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ náà kó lè wà nílé. Màmá na ọwọ́ méjèèjì síwájú.

"Gbé e wá. Má sọ fún mi pé abẹ́rẹ́ wà níbẹ̀. Mo ti gún ọwọ́ kí wọ́n tó bí ọ."

Kò sí ọgbọ́n mọ́. Ó gbé e lé wọn lẹ́sẹ̀. Màmá wá igun òkè, wọ́n rí i. Kákí máa ń le lábẹ́ ọwọ́ ju àwọn aṣọ yòókù lọ, kò fara pamọ́ fún ẹni tó mọ̀ ọ́n. Ìka òsì wọn tẹ̀lé e sọ̀ kalẹ̀, ìrépé kan, ìrépé kan, ó dé àárín. Ìka náà yà sí òsì láti máa lọ, ó bá aṣọ múlọ́múlọ́. Ó padà. Ó tún lọ. Ó wá yà sí ọ̀tún, ó bá kákí, ó sì tẹ̀ lé e lọ díẹ̀díẹ̀ títí dé igun.

"Apá òsì lo ti bẹ̀rẹ̀ sí kà," wọ́n wí.

"Màmá, èèyàn wo ló ń ka nǹkan láti ọ̀tún?"

"Ẹni tó ń fi òsì ránṣọ." Ìka wọn padà sí àárín. "Ìgbà wo lo mọ̀?"

Àkọ́bí lè purọ́ sí i. Ó ronú kan irọ́ náà, ó sì rí i pé òun ò ní agbára tí òun máa fi gbé e. "Láti àná."

"O wá ń fi ojú mi tàn mí."

Kò sí ìbínú nínú ohùn wọn, èyí ló sì jẹ́ kó dun Àkọ́bí. Ó wá gbólóhùn tó lè fi gbèjà ara rẹ̀. Ó ní púpọ̀, ti ọjọ́ tó kù, ti etí tí kò tíì ká, ti iṣẹ́ alẹ́. Ọ̀kan ṣoṣo ló jáde.

"Ó rẹ̀ mí, Màmá."

Agogo ara ògiri ń lù. Lójú pópó, ẹnì kan ń ti ọkọ̀ tí kò fẹ́ ṣíná, ó ń bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bẹ ọmọ tí kò fẹ́ jẹun. Àkọ́bí dìde, ó mú abẹ́ lórí fèrèsé, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ Màmá, ó ń dúró de ọ̀rọ̀ méjì tó ti mọ̀ láti kékeré. Bí ó bá bẹ̀rẹ̀ nísinsìnyí, tí kò sì fi ojú kan oorun rárá, bóyá. Bóyá kò ní parí náà. Kékeré á sì gbé àpò ẹrù rẹ̀ lọ láìsí i, á tún fi ṣẹ̀fẹ̀.

Màmá na ọwọ́ sí abẹ́ náà. Ọwọ́ ọmọ wọn ni wọ́n bá. Wọ́n dì í mú, wọ́n fi àtàǹpàkò wọn gba orí ìka rẹ̀ kọjá lọ́kọ̀ọ̀kan, bí wọ́n ṣe tẹ̀lé kákí lẹ́ẹ̀kan: ibi tí abẹ́rẹ́ gún, ibi tí abẹ́rẹ́ tún gún, ibi tí bílíìṣì ilé ìfọṣọ ti la awọ, ìka tó fi aṣọ wé nítorí ẹ̀jẹ̀. Wọ́n pẹ́ lórí èyí tó wé.

"Ìgbà wo lo sùn gbẹ̀yìn?"

"Mo sùn."

"Mi ò bi ọ́ bóyá o sùn."

Màmá yọ abẹ́ kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n fi sí àpò ẹ̀wù wọn.

"Etí wo ló kù?"

"Ti ìsàlẹ̀."

"Fi òwú sí abẹ́rẹ́ fún mi. Kí òwú gùn."

"Ẹ ò ní kí n tú u?"

"Ta ló ní kí o tú u?"

"Ẹ̀yin ni, Màmá. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú."

"Ó dáa. Lónìí, mi ò wí." Wọ́n ń wá etí aṣọ náà pẹ̀lú ìka. "Bàbá yín náà, ẹ̀ẹ̀melòó ló dé àárín ọ̀nà tó yí ọkọ̀ padà? Á ní òun gbàgbé fìlà. Fìlà yẹn á sì wà lórí rẹ̀."

Àkọ́bí rẹ́rìn-ín. "Ṣé ẹ rò pé á mú Kékeré padà wálé ni?"

"Aṣọ ni, kì í ṣe wòlíì. Tìrẹ lọ tààrà, níbo lo lọ?"

"Ilé ìfọṣọ."

"O rí i."

Ó fi òwú sí abẹ́rẹ́. Màmá fi òsì gbà á. Wọ́n fi ìka ọ̀tún tẹ etí aṣọ náà kí wọ́n lè mọ ibi tí abẹ́rẹ́ máa gbà, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í rán an, ojú wọn sí fèrèsé. Ìrán náà wọ́. Àwọn kan gùn, àwọn kan kúrú, ọ̀kan gun orí èkejì. Bó jẹ́ ọmọ iṣẹ́ ló rán an ní ṣọ́ọ̀bù, kì bá tíì gbé ọwọ́ kúrò kí wọ́n tó ní kó tú u. Àkọ́bí ń wò ó, ó ń wò ó, ó gbé orí lé ẹ̀gbẹ́ àga.

Nígbà tí Kékeré dé ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì pẹ̀lú àpò ẹrù lọ́rùn, ó bá wọn níbẹ̀. Màmá ń fi ọwọ́ pa etí kúbùsù náà. Àkọ́bí ti bọ́ sórí àga gígùn, ó sùn, ẹnu rẹ̀ là díẹ̀, abẹ́rẹ́ kan ṣì wà lára ẹ̀wù rẹ̀ láyà.

"Gbà," Màmá wí.

Kékeré gbé àpò sílẹ̀. Ó gba kúbùsù náà, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka tẹ̀lé kákí láti òkè, bó ṣe máa ń ṣe lórí bẹ́ẹ̀dì ẹlòmíràn. Ó dé àárín. Ó dúró. Ó tẹ̀lé e lọ sí ibi tó yà sí, títí dé igun.

"Màmá, ọ̀nà tèmi padà."

"Ẹ̀gbọ́n rẹ ló là á bẹ́ẹ̀. Bi í."

Ó yíjú sí Àkọ́bí láti bi í. Ó wo ìka tó wé. Ó wo ìrán etí ìsàlẹ̀ tó ń rìn bí ọ̀mùtí, ó mọ ọwọ́ tó rán ìyẹn, ó sì ṣe bí ẹni tí nǹkan bọ́ sí lójú. Lẹ́yìn náà ó gbé kúbùsù náà kúrò lórí tábìlì, ó fi bo ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láti èjìká dé ẹsẹ̀, ó sì jókòó sílẹ̀ nítòsí rẹ̀, eékún rẹ̀ sókè, nítorí àga kò sí fún ẹsẹ̀ tó gùn tó yẹn.

Aago mẹ́sàn-án kọjá. Mẹ́sàn-án ààbọ̀ kọjá. Àkọ́bí yí ẹ̀gbẹ́, ó wé etí kúbùsù náà mọ́ ọwọ́, ó dì í mú gírígírí.

"Màmá, ó tó àkókò," Kékeré wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Báwo ni mo ṣe máa gbà á lára wọn?"

"Fà á díẹ̀díẹ̀," Màmá wí. "Tí ó bá jí, sọ fún un pé mo ní kó tú u. Á tún padà sùn kíákíá."